Ẹ Bá Mi Ki Jupiter, Ẹ Bá Mi Ki Silverstone

Jupiter, ọmọ Jowett, mo kí ọ.
Silverstone, ọmọ Healey, mo kí ọ.
Ẹ̀yin tí òjò ń pa nínú ilé ara yín,
Tí ẹ ń mu ọ́ìlì lókè, tí ẹ ń tọ̀ ọ́ sílẹ̀ nísàlẹ̀,
Ọkọ̀ tí kò lè gbé ìkòkò ìrẹsì lọ òde ìgbéyàwó,
Ọkọ̀ tí bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin kò lè fi gbé ọmọ lọ iléèwé,
Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe kó máa sáré, tó wá di ẹni à ń tì.
Wọ́n ní ẹ kò yẹ lẹ́ni à ń kì.
Èmi ni mo ní ẹ yẹ.
Mo dúró ní Fairwood, mo kọjú sí Bradford, mo kọjú sí Warwick,
Ẹ jẹ́ kí n kì yín kí ilẹ̀ tó ṣú.

Fairwood tí mò ń wí yìí, Prince George's County ní ìpínlẹ̀ Maryland ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bowie àti Glenn Dale. Annapolis Road gba òkè rẹ̀ kọjá, US 50 tó ń ti Washington lọ sí Annapolis gba ìsàlẹ̀. Aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n sì rí jẹ: òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, dókítà, nọ́ọ̀sì, lọ́yà, ẹni tó ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀. Àwa ọmọ Yorùbá náà kò gbẹ́yìn. Lọ́jọ́ Sátidé tí ìkómọ bá wà, jíìpù ni wọ́n máa ń tò sí etí títì láti orí dé ìdí, dúdú àti funfun, gbogbo wọn mọ́ tónítóní, gbogbo wọn ń bá olówó wọn sọ̀rọ̀. N kò bú wọn. Ọkọ̀ dáadáa ni wọ́n, wọ́n ń gbé wa lọ, wọ́n ń gbé wa bọ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé akéwì tó bá dúró níwájú wọn kò ní rí nǹkan kan kì. Inú ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn ni oríkì ti ń wá: inú àpá ojú, inú ogun tó lọ tó sì sá bọ̀, inú gbèsè, inú ìrìn tó gùn. Ọkọ̀ tí kò bàjẹ́ sójú ọ̀nà rí kò tíì ní ìtàn.

Ìdí nìyí tí mo fi ń fi Jupiter àti Silverstone ṣe yẹ̀yẹ́ bí mo ṣe ń kì wọ́n. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Àwọn àgbà tó ń ki ènìyàn láyé àtijọ́ kì í yọ àbùkù sílẹ̀. Wọ́n á pe arọ ní arọ, wọ́n á pe òjòwú ní òjòwú, wọ́n á sì gbé e jókòó sórí àga pẹ̀lú rẹ̀. Bí mo bá sọ àbùkù Jupiter di oyè, oyè gidi ni mo fi jẹ ẹ́, mi ò sì ní gbà á padà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọkọ̀ eré àwọn Gẹ̀ẹ́sì bíi méjì yìí ṣàjèjì sí ilẹ̀ tí a ń gbé yìí. Ní oṣù Karùn-ún 1954, ibùdó ọmọ ogun òfúrufú ti Andrews, nínú Prince George's County yìí kan náà, ṣí ọ̀nà tí bàálù ń bà sí sílẹ̀ fún eré ìje ọkọ̀ ẹgbẹ́ Sports Car Club of America. Bill Spear ló gba ife lọ́dún náà, Ààrẹ Dwight Eisenhower fúnra rẹ̀ ló sì gbé e lé e lọ́wọ́. Ní Upper Marlboro, tó jẹ́ olú-ìlú county wa, pápá eré ìje Marlboro Motor Raceway ti ṣí láti 1952. Ibẹ̀ ni MG, Triumph àti Austin-Healey ti ń lé ara wọn kiri, títí wọ́n fi ti ibẹ̀ pa ní 1969. Ìró kábúrétọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dún yí county yìí ká kí púpọ̀ nínú wa tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní físà.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ìdí tí wọ́n fi bí àwọn ọkọ̀ yìí, nítorí ìdí náà kan ilé wa.

Nígbà tí ogun Hitler parí ní 1945, Britain ti jẹ gbèsè dé ọrùn. Dọ́là ni wọ́n ń wá, lójú méjèèjì ni wọ́n sì ń wá a. Ìjọba ló ń pín irin fún àwọn tó ń ṣe ọkọ̀, ẹni tó bá ń tà sí òkèèrè ló ń rí irin gbà. Ìyẹn ló mú kí ilé-iṣẹ́ bíi Jowett ti ìlú Bradford, tí àwọn ènìyàn mọ̀ mọ ọkọ̀ tí kò wọ́n àti ọkọ̀ ẹrù kékeré tí òun náà ń jẹ́ Bradford, dédé ronú ọkọ̀ eré: Amẹ́ríkà ló ń fẹ́ ọkọ̀ eré, Amẹ́ríkà ló sì ní dọ́là. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án 1949, wọ́n já iye pọ́n-ùn wálẹ̀ láti dọ́là 4.03 sí dọ́là 2.80, kí ọjà wọn lè dínwó lójú àwọn ará Amẹ́ríkà.

Ní àkókò yẹn gan-an, kòkó tí àwọn baba wa ń gé ní Ìbàdàn, Iléṣà, Oǹdó àti Èkìtì ń gba ọwọ́ Cocoa Marketing Board, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947, lọ sí òkèèrè. Iye tí wọ́n ń san fún àgbẹ̀ kò tó iye tí ayé ń ra kòkó. Èyí tó kù wà ní London, wọ́n ń fi ra ìwé gbèsè ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Dọ́là tí àwọn tó ń ṣe ṣokoléètì ní Amẹ́ríkà san lórí kòkó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wọ inú àpò kan náà tí dọ́là Jupiter àti Silverstone ń wọ̀. Ọkùnrin tó ń fọ́ kòkó lábà Oǹdó àti ọkùnrin tó ń de nọ́ọ̀tì ní Bradford ń san gbèsè kan ṣoṣo, ọ̀kan nínú wọn ló kàn mọ̀ pé òun ń san án. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá bi mí pé kí ló kan ọmọ Yorùbá nípa Jowett, ìdáhùn mi wà lẹ́nu: àpò tí Jowett ń kún ni tiwa náà ń kún, kòkó wa sì kún un ju ọkọ̀ wọn lọ.

Ó yá, Silverstone, bọ́ síwájú. Ìwọ lẹ̀gbọ́n.

Silverstone, ọmọ Warwick,
Ọmọ Donald Healey, ará Cornwall tó gba Monte Carlo ní 1931,
Ẹ kò ju 105 lọ tí wọ́n bí yín sáyé,
Ọmọ tó kún bọ́ọ̀sì iléèwé méjì pọ̀ jù yín lọ.
A-fi-iná-pamọ́-sẹ́yìn-irin-imú,
A-gbé-gíláàsì-ojú-mì-kó-tó-sáré,
A-fi-táyà-ìdí-ṣe-bọ́ńpà,
Ẹ́ńjìnnì rẹ, ti Riley ni,
Orúkọ rẹ, ti pápá eré ìje ni,
O bọ́ aṣọ sílẹ̀ kí agbowó-orí má baà rí ọ mú.

Kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Iná iwájú rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́yìn irin imú, kí afẹ́fẹ́ má baà rí ibi dì í mú. Gíláàsì iwájú rẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ wọ inú ara ọkọ̀ bí awakọ̀ bá fẹ́ kí atẹ́gùn gba orí òun kọjá. Táyà àfipamọ́ rẹ̀ dùbúlẹ̀ nínú ihò kan ní ìdí, ìdajì wà nínú, ìdajì yọ síta, ẹni tó bá sì gbá a látẹ̀yìn, táyà yẹn ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Mẹ́gáàdì rẹ̀ ti iwájú kò so mọ́ ara ọkọ̀; wọ́n dá dúró lórí táyà wọn, ẹni tó bá fẹ́ wọ eré ìje lè tú wọn kúrò.

Àwọn tó mọ ẹwà ọkọ̀ máa ń sọ pé nítorí eré ni ó ṣe wà ní ìhòòhò bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ ìdajì òótọ́ ni. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti gbé òfin kalẹ̀ ní 1947 pé ọkọ̀ tí iye rẹ̀ bá kọjá £1,000 kí wọ́n tó fi owó orí kún un, owó orí ìlọ́po méjì ni yóò san. Healey ti ń ṣe àwọn ọkọ̀ ńlá tó rẹwà, owó orí yẹn sì ń lé oníbàárà sá. Ó wá bọ́ ọkọ̀ rẹ̀ sí ìhòòhò, ó yọ ohun gbogbo tí kò ṣe pàtàkì, ó sì pe iye rẹ̀ ní £975. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yìí tayọ̀tayọ̀. Ẹni tó bá ti ra ọjà ní Dùgbẹ̀ rí mọ irú ọkùnrin tí Donald Healey jẹ́.

Ẹ́ńjìnnì Riley tó wà nínú rẹ̀ tóbi tó lítà 2.4, agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 104. Ọkọ̀ fúyẹ́, agbára pọ̀, kí lẹ tún ń wá? Ní oṣù Kẹjọ 1949, wọ́n mú mẹ́ta lọ sí pápá Silverstone tí wọ́n fi sọ ọkọ̀ náà lórúkọ, Louis Chiron wa ọ̀kan, Tony Rolt wa ọ̀kan, Tommy Wisdom wa ọ̀kan, wọ́n sì gba ẹ̀bùn ẹgbẹ́ bọ̀. Ẹ fi orúkọ Tommy Wisdom pamọ́ fún mi, mò ń padà bọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ó ṣe tán, Silverstone. Sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tí ọkàn mi ń fà sí ti ń dúró tipẹ́.

Jupiter, ọmọ Idle lẹ́bàá Bradford,
Ọmọ ìlú tó ń fi irun àgùntàn wọ aṣọ fún ayé,
Ọmọ Benjamin, ọmọ William, ẹ̀gbọ́n òun àbúrò tó jọ dá Jowett sílẹ̀,
Ẹ́ńjìnnì rẹ kò nàró, ó dùbúlẹ̀,
Sìlíńdà méjì kọjú sọ́tùn-ún, sìlíńdà méjì kọjú sósì,
A-ya-gbogbo-imú-kí-mẹkáníìkì-tó-rí-inú,
A-fi-rédíétọ̀-pamọ́-sẹ́yìn-ẹ́ńjìnnì,
Ọkọ̀ tí à ń gba ẹ̀yìn ìjókòó kó ẹrù wọ bútù,
Gíà lọ́rùn sítíárì bíi ti táksí àtijọ́,
Kíráǹkì rẹ ṣẹ́, o ní o kò kú,
Gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ fẹ́, o ní o kò kú,
Wọ́n pe gbogbo yín lọ sí Le Mans, ìwọ nìkan lo délé.

Ẹ̀gbọ́n mi kan wà níbí tó ń kó ọkọ̀ tòkunbọ̀ láti èbúté Baltimore lọ sí Èkó. Ọjà ló fi ń wo ọkọ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni dá a lẹ́bi, nítorí owó iléèwé ọmọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Nígbà tí mo fi àwòrán Jupiter hàn án, ó wò ó títí, ó ní, "Àbúrò, bí mo bá gbé èyí dé ọjà ọkọ̀ ní Berger, ta ló máa rà á lọ́wọ́ mi?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kíráǹkì rẹ̀ fún yín."

Ohun tí mo sọ fún un nìyí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn ọmọ Jowett ti ń ṣe ẹ́ńjìnnì tó dùbúlẹ̀. Wọn kò ya ti ẹnikẹ́ni lò. Ní 1947 wọ́n gbé ọkọ̀ ìdílé kan jáde, Javelin, tí Gerald Palmer yàwòrán rẹ̀, ẹ́ńjìnnì sìlíńdà mẹ́rin tó dùbúlẹ̀ sì wà nínú rẹ̀: alumíníọ́mù, ìdajì méjì tí wọ́n fi bóòtù dè pọ̀ láàárín, 1,486 cc. Ẹ́ńjìnnì yẹn ni wọ́n gbé sínú Jupiter ní 1950, wọ́n fún un lágbára díẹ̀ sí i, ó di ẹṣin 60. Ẹṣin 60 péré! Silverstone ní 104. Ẹni tó bá fi iye ẹṣin díwọ̀n ọkọ̀ ti lọ sùn ní tirẹ̀.

Féréémù rẹ̀ nìkan ni iṣẹ́ àlejò. Robert Eberan von Eberhorst, ará Austria tó ti bá Auto Union ṣe ọkọ̀ eré ní Jámánì ṣáájú ogun, ló ṣe é nígbà tó wà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ERA ní England. Irin oníhò ni, ó fúyẹ́, ó sì le. Reg Korner ti Jowett ló ṣe ara ọkọ̀. Ìyókù, ti Bradford ni: ohun tó dára nínú rẹ̀, ti Bradford, ohun tó bàjẹ́ nínú rẹ̀, ti Bradford.

Ohun tó bàjẹ́ sì pọ̀. Kíráǹkì ní ibi mẹ́ta tó ti gùn lé bẹ́ríìnì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré gan-an, ó ń yí ara rẹ̀, bó bá sì yí títí, apá rẹ̀ á ṣẹ́. Omi ń gba ẹsẹ̀ sìlíńdà wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì á sì fẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti tú ẹ́ńjìnnì Peugeot 504 rí nígbà tó wà ní ọ̀dọ́ ní Mushin. Nígbà tí mo dé ibi gásíkẹ́ẹ̀tì, ó mí kanlẹ̀, ó ní kí n máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Mo ní, Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ yìí kan náà ni wọ́n gbé lọ sí Le Mans ní France, níbi tí wọ́n ti ń fi wákàtí 24 sáré, tọ̀sán tòru. Ní 1950, Tommy Wisdom àti Tommy Wise gùn ún, ó sì gba ipò kìíní ní ẹ̀ka àwọn ọkọ̀ oní-lítà 1.5. Ní 1951, Marcel Becquart ará France àti Gordon Wilkins ará England gùn ún, ó tún gba ipò kìíní yẹn. Ní 1952, àwọn méjèèjì yìí tún padà, ó tún gbà á. Ọdún mẹ́ta léraléra. Ní 1951 àti ní 1952, ọ̀kan ṣoṣo ló ń délé nínú àwọn tí Jowett mú lọ; ẹ́ńjìnnì àwọn yòókù ti kọṣẹ́ sójú ọ̀nà. Èyí tó kù yẹn ni mò ń kì. Gbogbo àbùkù tó wà lára àwọn arákùnrin rẹ̀ ló wà lára òun náà, gbogbo òru yẹn ni àwọn méjèèjì tó ń wà á sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, wọ́n ń gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì, wọ́n ń dín iyára kù níwọ̀nba, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́, ó sì gbà fún wọn.

Amẹ́ríkà náà rí i. Ní 1951, ní Watkins Glen ní ìpínlẹ̀ New York, George Weaver gùn Jupiter tí wọ́n ṣe fún eré ìje, ó sì borí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ padà wá bá mi lọ́dọ̀ Tommy Wisdom. Oníwèé ìròyìn ni, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló ń kọ. Ní oṣù Kẹjọ 1949, inú Healey Silverstone ló wà. Ní oṣù Kẹfà 1950, inú Jowett Jupiter ló wà. Ìdí kan náà ló jókòó sórí ìjókòó méjèèjì láàárín ọdún kan, ọkọ̀ méjèèjì ló sì mú ẹ̀bùn bọ̀ fún àwọn tó ni wọ́n. Mo máa ń ronú ohun tí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ gbọ́. Nínú Silverstone, kí ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí Riley dáhùn. Nínú Jupiter, kí ó mọ ìgbà tí yóò gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ann, jogún ẹsẹ̀ yẹn: òun ló jókòó ti Pat Moss nínú Austin-Healey 3000 tí àwọn obìnrin méjèèjì fi borí gbogbo ọkùnrin nínú ìdíje Liège-Rome-Liège ti 1960.

Ta ni mo wá gbé lékè nínú àwọn méjèèjì? Mo ti sọ ọ́ láti òkè, ẹ jẹ́ kí n wá sọ ìdí rẹ̀.

Silverstone lówó jù. Bí wọ́n bá gbé ọ̀kan jáde níbi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ àtijọ́ ní gbàǹjo, owó rẹ̀ máa ń kọjá ti Jupiter fíìfíì, nítorí pé ó ṣọ̀wọ́n jù, ó sì yára jù. Nǹkan bí 900 Jupiter ló jáde láàárín 1950 àti 1954. Àmọ́ ẹ wo bí Healey ṣe ń rìn. Briggs Cunningham, olówó Amẹ́ríkà tó fẹ́ràn eré ìje, ra Silverstone kan, ó yọ Riley kúrò nínú rẹ̀, ó sì ki Cadillac oní-sìlíńdà mẹ́jọ bọ̀ ọ́. Ọkọ̀ náà kò tilẹ̀ janpata. Ẹ́ńjìnnì ẹni kan lọ, ẹ́ńjìnnì ẹlòmíràn dé. Healey fúnra rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi Queen Elizabeth lọ sí Amẹ́ríkà kó lọ wá Cadillac rà. Inú ọkọ̀ náà ló ti pàdé George Mason, olórí Nash-Kelvinator. Wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n gbà fún ara wọn, Nash-Healey sì jáde láti inú ọ̀rọ̀ náà. Ní Le Mans 1950 tí Jupiter ti gba ipò tirẹ̀ yẹn, Tony Rolt àti Duncan Hamilton gbé Nash-Healey ṣe ipò kẹrin láàárín gbogbo ọkọ̀. Wọ́n dá Silverstone dúró lọ́dún yẹn kí àyè lè gba ti Nash. Ní 1952, Healey bá Austin dòwò pọ̀. Ọlọ́gbọ́n ènìyàn ni, mo yìn ín, ilé rẹ̀ kò sì wó.

Ti Jowett wó. Ẹ gbọ́ bó ṣe wó.

Ilé-iṣẹ́ Briggs ní Doncaster, tí kì í ṣe ti Briggs Cunningham, ló ń ṣe ara Javelin fún wọn. Jowett pinnu láti máa ṣe gíàbọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ dípò kó máa rà á, gíàbọ́ọ̀sì náà sì jáde pẹ̀lú àìsàn. Ọkọ̀ ń padà wá sílé láti ọwọ́ àwọn oníbàárà, tuntun kò tà, ara ọkọ̀ sì ń ti Doncaster dé láìdúró, wọ́n ń kó o jọ kiri ilé-iṣẹ́ títí kò fi sí ibi tí wọ́n máa kó o sí mọ́. Wọ́n ní kí Briggs dáwọ́ dúró. Ní 1953, Ford ra Briggs. Ibi tó dùn mí jù nìyí: nínú wàhálà yẹn náà, àwọn ẹnjiníà Jowett ti rí àrùn kíráǹkì wọn. Wọ́n ṣe é lọ́tun, wọ́n mú kí apá rẹ̀ nípọn, wọ́n sọ ọ́ di olóbìrípo gígùn bí ẹyin, kíráǹkì yẹn kò sì ṣẹ́ mọ́. Wọ́n wo gíàbọ́ọ̀sì sàn. Wọ́n lẹ bútù tó ṣeé ṣí láti ìta mọ́ Jupiter. Oògùn dé, aláìsàn ti ń kó ẹrù rẹ̀. Ní 1954, wọ́n ta ilé-iṣẹ́ Idle fún International Harvester, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣe tirakítọ̀. Dọ́là tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe ọkọ̀ eré wá bá wọn nílé, ó sì ra ilé náà.

Àwọn tó jáde níbẹ̀ kò parun. Roy Lunn, tó ṣe olórí àwọn ayàwòrán Jowett kẹ́yìn, lọ bá Ford, ó ré òkun wá sí Amẹ́ríkà, ó sì wà lára àwọn tó ṣe GT40, ọkọ̀ tó gba ipò kìíní, ìkejì àti ìkẹta ní Le Mans ní 1966. Ohun tí ènìyàn bá kọ́ lórí kíráǹkì tó ń ṣẹ́, ó mọ̀ ọ́n.

Jupiter, nítorí èyí ni mo fi gbé ọ lékè. Ẹ̀bi rẹ, tìrẹ ni. Ẹ́ńjìnnì tó pa ọ́, ọwọ́ àwọn tó bí ọ ló ṣe é, ọwọ́ wọn náà ló sì tún un ṣe kó tó dákẹ́. Silverstone kò ní ẹ̀bi kankan tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí ìdajì ara rẹ̀, Riley ló ni ín. N kò lè fi gbogbo ẹnu ki ìdajì.

Jupiter, a-rìn-ìrìn-àjò-bí-ẹni-tó-jẹ-gbèsè,
A-gba-ipò-kìíní-kó-tó-délé-ìwòsàn,
Ìwọ tí Maryland yóò fún ní nọ́ńbà àwọn ọkọ̀ àtijọ́,
Tí òfin yóò ní o kò gbọdọ̀ gbé ènìyàn lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́,
Ọlọ́lá ọkọ̀ tí ìjọba kọ̀ fún pé kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́,
Oyè wo ló tún kù tí wọn kò fi jẹ ọ́?
Wá sí Fairwood, wá bá mi jẹ àmàlà,
Gárééjì mi gba ọkọ̀ méjì, jíìpù ti jókòó sí ọ̀kan,
Mo ti gbá ìkejì, mo ti tẹ́ páálí sílẹ̀ de ọ́ìlì rẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń kó ọkọ̀ lọ Èkó ti sọ fún mi pé bí òun bá rí ọ̀kan láti Baltimore dé Virginia, òun á pè mí kí òun tó pe ẹnikẹ́ni. Ó ní òun ò ní gbé e lọ sí Berger.

Ẹ̀yin ará Fairwood, ẹ̀yin ará Bowie àti Mitchellville, ẹ̀yin náà ẹ bá mi lajú sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí àwọn àgbà òyìnbó àti àwọn àgbà aláwọ̀ dúdú bá ń kó ọkọ̀ àtijọ́ wọn jáde sí pápá kí ayé lè wò ó. Ẹ ó rí MG púpọ̀, ẹ ó rí Triumph. Bí ẹ bá rí ọkọ̀ kékeré kan tó fi iná rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn irin imú, tí táyà kan yọ ní ìdí rẹ̀, ẹ kí i dáadáa, ẹ ya fọ́tò, Silverstone nìyẹn, ẹ lè má rí òmíràn mọ́ láyé yín. Bó bá sì jẹ́ èyí tí gbogbo imú rẹ̀ ń ya sókè pẹ̀lú mẹ́gáàdì, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dùbúlẹ̀ ní iwájú gan-an, ẹ má tíì ya fọ́tò. Ẹ kọ́kọ́ kí olówó rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ wá bi í bóyá kíráǹkì ìkẹyìn ló wà nínú rẹ̀, èyí tí apá rẹ̀ gùn bí ẹyin. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ dá a dúró síbẹ̀, ẹ pè mí lórí fóònù, mò ń bọ̀.